Ibo la máa kọ́ ilé adìyẹ sí? Bí ẹ ṣe lè yan àyè tó dáa lẹ́yìnkùlé yín

Adìyẹ méje ni mo kọ́kọ́ rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Noiler ni gbogbo wọn. Mo kó wọn wá sílé wa ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹta, kí oṣù kẹfà tó parí, mẹ́ta péré ló kù. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ejò. Ibi tí mo kọ́ ilé wọn sí ló pa wọ́n. Igun kan wà lẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì tá ò fi ṣe nǹkan kan, mo wò ó pé ibẹ̀ ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àṣé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo omi inú kọ́ńpáǹdù máa ń ṣàn lọ tí òjò bá rọ̀, mi ò sì lè mọ̀ torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ́ ọ. Nígbà tí òjò wá dé, ilẹ̀ ibẹ̀ ò gbẹ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ká apá jọ, wọ́n á dijú, wọ́n á kàn dúró sójú kan. Dókítà ẹran tí mo pè sọ pé coccidiosis ni, kòkòrò kan báyìí tó kéré ju ohun tójú lè rí lọ tó máa ń pọ̀ sí i nínú ìgbẹ́ àti ilẹ̀ tó bá tutù. Ó fún wa ní oògùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún mẹ́rin nínú wọn.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Èèyàn púpọ̀ ló máa ń ná owó gidi sórí páànù, sórí wáyà, sórí káfíńtà, àmọ́ ilẹ̀ tí wọn ò rí lò fún nǹkan mìíràn ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún adìyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní ilẹ̀ tó dáa. Mẹ́rin sí mẹ́jọ ni mo ní lọ́kàn, àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ máa rí ẹyin jẹ lọ́wọ́ wọn, tí àwọn ọmọ á máa fún lóúnjẹ, tẹ́ ẹ máa sọ lórúkọ. Ti ẹgbẹ̀rún adìyẹ yàtọ̀ pátápátá.

Kọ́kọ́ wo ibi tí omi ń gbà

Kẹ́ ẹ tó ra ìṣó kan ṣoṣo, ẹ dúró de òjò. Tó bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ gbé agboòrùn, ẹ rìn yí kọ́ńpáǹdù po, ẹ wo ibi tí omi ń ṣàn gbà, ibi tó ti ń wọlé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, àti ibi tó ń dúró sí. Ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ibi tí bàtà yín bá ṣì ń rì wọlẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn ní August 2011 ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí omi lè ṣe, kì í ṣe odò nìkan ló kún lọ́jọ́ yẹn, ibi téèyàn ò tiẹ̀ rò rí lomi gbà kọjá.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn lẹ wà tẹ́ ẹ ò lè dúró, ẹ wo ara fẹ́ǹsì. Ilà pupa tí ẹrọ̀fọ̀ fi sára búlọ́ọ̀kù á sọ fún yín bí omi ṣe ga tó lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn ní fíìtì kan síbi tẹ́ ẹ fẹ́ lò, ẹ da omi kún un, kó fà tán, ẹ tún da omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yìí lẹ máa wá wo aago. Tó bá fà tán láàárín wákàtí kan tàbí méjì, ilẹ̀ yẹn dáa. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì tómi ṣì ń wò yín lójú, ilẹ̀ amọ̀ nìyẹn, kò ní í gbẹ fún adìyẹ yín láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá.

Tí gbogbo kọ́ńpáǹdù bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ lè gbé ilẹ̀ sókè. Ẹ ra yangí díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gún un kó le, kẹ́ ẹ da yanrìn lé e lórí, kó fi bí ínṣì 6 sí fíìtì 1 ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, kẹ́ ẹ sì la gọ́tà kékeré yí i ká. Ó ń náni lówó lóòótọ́, àmọ́ ó dín sí owó adìyẹ tó kú.

Kànga ńkọ́? Ẹ má kọ́ ilé adìyẹ sókè kànga láé. Ibi tómi òjò ti ń ṣàn kúrò ní kànga lẹ máa kọ́ ọ sí, kí ìgbẹ́ wọn má bàa ṣàn wọnú omi tẹ́ ẹ̀ ń mu, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí i débi tí kọ́ńpáǹdù yín bá gbà dé. Orí ṣọ́kàwéè náà ò dáa, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o, ilé adìyẹ lẹ máa kọ́kọ́ wó.

Oòrùn

Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ti òwe nìyẹn, ní ti ara, adìyẹ ò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde rárá. Ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Lọ́sàn-án oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí Ìbàdàn bá gbóná dé 34 tàbí 35 °C, ẹ lọ wo adìyẹ tí kò rí ibòji, ẹ máa rí i tó yanu sílẹ̀, tí abẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ń lù kìkì, tó ya apá méjèèjì kúrò lára bí ẹni tó gbé garawa sábíyá. Tí ìyẹn bá pẹ́, á dẹ́kun ẹyin, tó bá pẹ́ jùyẹn lọ, á kú. Láti 30 lọ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn.

Torí náà ẹ mú igi kéékèèké, ẹ jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ri igi síbi tí ibòji bá wà, ẹ tún jáde ní aago kan ọ̀sán, ẹ tún jáde ní aago mẹ́rin. Ibi tó dáa jù ni ibi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, tí ibòji sì bò láti ọ̀sán lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn àárọ̀ yẹn ṣe pàtàkì o, òun ló máa ń gbẹ ìrì àti ìtútù òru, ibi tí kò rí oòrùn rárá máa ń run, ó sì máa ń mú kòkòrò wá.

Lẹ́yìn náà, bí ilé náà ṣe máa kọjú. Ilé gígùn ni kẹ́ ẹ kọ́, ẹ jẹ́ kí gígùn ẹ̀ lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí orí méjèèjì tó kúrú jẹ́ pákó, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó gùn jẹ́ wáyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni eléyìí ń ṣiṣẹ́. Oòrùn tó ń là àti èyí tó ń wọ̀ ò ní lè yọjú wọlé tààrà, torí ara pákó ló máa bà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìjì tó máa ń ṣáájú òjò níbẹ̀rẹ̀ ọdún, èyí tó máa ń ká páànù ilé èèyàn, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń ti wá, ẹ sì ti fi pákó dí ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páànù yọ síta bíi fíìtì 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí òjò má fọ́n wọlé.

Igi ńkọ́? Abẹ́ dógóyárò dáa gan-an, abẹ́ máńgòrò náà dáa, àmọ́ ẹ gé ẹ̀ka tó bá fara kan òrùlé, torí ọ̀nà ejò àti ológbò nìyẹn, àwọn ẹyẹ tó ń sùn lórí igi á sì máa yàgbẹ́ sínú ọgbà. Tí ẹ ò bá ní igi kankan, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìta wáyà lápá ìwọ̀ oòrùn, kò ní pé ọdún kan tẹ́ ẹ fi máa ní ibòji, ìgbẹ́ adìyẹ á sì máa bọ́ ọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Páànù lásán láìsí igi, láìsí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀, ààrò ni. Ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e tẹ́ ẹ bá rí.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì ra adìyẹ, ẹ wo ti ìbílẹ̀ náà. Abọ́lọ́rùn, èyí tí ọrùn ẹ̀ ò níyẹ̀ẹ́, máa ń fara da ooru ju àwọn oníyẹ̀ẹ́ kíkún lọ. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, náà ní adìyẹ tiwọn tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, adìyẹ ilẹ̀ wa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Òórùn, ariwo, àti aládùúgbò

Oòrùn lèkan, òórùn lèkejì o. Lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa, àfi ìgbà ọyẹ́ tó máa ń yí padà láti àríwá ìlà oòrùn. Torí náà tí ilé adìyẹ bá wà lápá àríwá tàbí ìlà oòrùn ilé yín, atẹ́gùn á máa gbé òórùn kúrò lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ ta ló ń gbé lọ́hùn-ún? Ẹ wo fèrèsé ẹni yẹn. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni yàrá ìyá àgbà tàbí ọmọ tuntun wà, ẹ sún un. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ, ẹ mú ẹyin mẹ́fà lọ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé, lándílọ́ọ̀dù lẹ máa kọ́kọ́ bi.

Ẹ má sì gbé e jìnnà jù. Ibi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ igbe wọn lóru láti orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń sọ fún èèyàn, tẹ́ ẹ sì lè rí láti fèrèsé kíṣìnnì. Ohun tójú ẹni ń rí lójoojúmọ́ lèèyàn máa ń tètè mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èéfín ẹ̀ á pa wọ́n, ariwo ẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí wọ́n farabalẹ̀ yé.

Tí adìyẹ aládùúgbò bá ń rìn kiri, ẹ jẹ́ kí ọgbà yín jìnnà díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wọlé. Àrùn Newcastle máa ń tàn kíá, pàápàá nígbà ọyẹ́, àjẹsára ló ń dènà ẹ̀ jù lọ. Àwọn ẹyẹ igbó náà ń gbé àrùn kiri, ọdún 2006 ni àrùn bird flu kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, Kàdúná ni wọ́n ti rí i. Ìdí nìyẹn tí ibi tí omi àti oúnjẹ wọn wà fi gbọ́dọ̀ ní òrùlé, kí ẹyẹ má máa yàgbẹ́ sí i.

Báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó?

Ẹ jẹ́ ká fi adìyẹ mẹ́fà ṣe é. Ilé tí wọ́n á máa sùn: fíìtì 4 níbùú, fíìtì 6 lóròó. Ọgbà tí wọ́n á máa jẹ̀: fíìtì 6 níbùú, fíìtì 10 lóròó, ìyẹn ló kéré jù o, tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní máa tú wọn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó tó ìlọ́po méjì. Adìyẹ tó bá fún mọ́ra á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn ní ẹnu títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, tí wọ́n bá sì ti rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹnì kan wọn ò ní fi í sílẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó ga tó ẹ̀yin fúnra yín, fíìtì 6 ààbọ̀ dáa. Ibi téèyàn bá ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ̀, kò ní í gbá a déédéé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Igi tí wọ́n á máa wọ̀ sí lóru, ínṣì 8 sí 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó túmọ̀ sí pé igi kan tó gùn tó fíìtì 5 ti tó fún mẹ́fà. Ẹ fá etí igi náà kó má mú. Ó gbọ́dọ̀ ga ju ìtẹ́ tí wọ́n á máa yé sí lọ, torí ibi tó bá ga jù ni adìyẹ máa ń fẹ́ sùn sí, tó bá jẹ́ ìtẹ́ ló ga jù, ibẹ̀ ni wọ́n á sùn tí wọ́n á sì yàgbẹ́ sórí ẹyin. Ìtẹ́ méjì ti tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fíìtì kan níbùú lóròó, kẹ́ ẹ gbé e sí igun tó ṣókùnkùn.

Tí ààyè bá wà, ẹ pín ọgbà sí méjì, ẹ ṣílẹ̀kùn apá kan fún wọn lóṣù yìí, ẹ sì jẹ́ kí èkejì sinmi kí koríko hù padà. Apá tó ń sinmi yẹn lẹ lè gbin tẹ̀tẹ̀ sí tó bá yá. Àmọ́ ẹ má kó ìgbẹ́ wọn tútù sídìí ẹ̀fọ́, ó máa ń jó o. Ẹ kó o jọ, ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù mélòó kan ná.

Àwọn tó fẹ́ jẹ wọ́n

Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ olójú onígun mẹ́fà tí wọ́n ń tà ní ọjà máa ń dá adìyẹ dúró lóòótọ́, àmọ́ kò lè dá ajá dúró. Ajá á fi eyín ya á bí ẹni ya bébà. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ olójú onígun mẹ́rin tí ojú ẹ̀ ò ju ààbọ̀ ínṣì lọ ni kẹ́ ẹ rà, ojú tó bá tóbi ju ìyẹn lọ, eku á wọ̀ ọ́, ejò á tẹ̀ lé eku. Tówó ò bá ká gbogbo ẹ̀, ẹ lo èyí tó lágbára láti ilẹ̀ dé fíìtì 3 sókè, kẹ́ ẹ lo nẹ́ẹ̀tì lásán lókè. Ẹ má fi orí ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì máa ń pọ̀ lójú ọ̀run wa, wọn kì í sì kọ òròmọdìyẹ.

Òkété máa ń gbẹ́lẹ̀ wọlé. Ẹ ri wáyà náà wọ ilẹ̀ ní fíìtì kan, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ síta tó fíìtì 2, kẹ́ ẹ fi òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Èyí tó tẹ́ sílẹ̀ yìí rọrùn ju gbígbẹ́ lọ. Ẹran tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ á wá sídìí ògiri, á gbẹ́, á bá wáyà pàdé, kò ní í ronú láti padà sẹ́yìn lọ gbẹ́ ẹ láti fíìtì 2. Ẹ fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn nítorí olè.

Ọ̀tá tí mo bẹ̀rù jù ni ìjàlọ. Adìyẹ tó wà nínú ilé ò lè sá fún un. Lóru ọjọ́ kan ní nǹkan bí aago méjì mo gbọ́ igbe wọn, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé ilẹ̀ dúdú, ó sì ń rìn. Wọ́n ti to bí okùn láti abẹ́ fẹ́ǹsì wá. Mo ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà sínú agolo tí mo da ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò sí, wọn ò lè gba ibẹ̀, wọ́n kàn ń yí agolo po, àwọn kan ti rì. Ibo ni wọ́n wá gbà? Igi ewé ìbẹ́pẹ kan ló já bọ́ lọ́sàn-án, tó fara ti ògiri ilé adìyẹ, orí ìyẹn ni wọ́n ń gùn lọ bí afárá. Mo fa igi ewé náà kúrò, mo gbé adìyẹ kọ̀ọ̀kan jáde nínú òkùnkùn, ìjàlọ rọ̀ mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, ó rọ̀ mọ́ ọwọ́ èmi náà, mo ń já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó kú. Torí náà: ilé sísùn gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀ ní fíìtì kan ààbọ̀ sí 2, ẹsẹ̀ nínú agolo ọ́ìlì, kí àwọn agolo yẹn wà níbi tí òjò ò ti ní kún inú wọn tí adìyẹ ò sì ti ní ráyè mu ún, kí ohunkóhun má sì fara kan ògiri ẹ̀, kì báà ṣe koríko. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa yí i po wò.

Inú ọgbà

Ẹ wá igun kan tó gbẹ lábẹ́ òrùlé, ẹ da yanrìn àti eérú igi sí i. Adìyẹ ò fi omi wẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ̀, wọ́n á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ gbọ́n ọn sábẹ́ ìyẹ́, iná, kòkòrò tó ń jẹ wọ́n lára, á sì máa kú. Ilẹ̀ ilé sísùn, ẹ tẹ́ èyí tí wọ́n ń fá lára pákó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sí i, kó nípọn tó ínṣì 3, kẹ́ ẹ kó ibi tó bá tutù kúrò lójoojúmọ́. Omi wọn, inú ìkòkò amọ̀ ló máa ń tutù jù.

Ẹ yẹ igi tó yí ibẹ̀ ká wò. Làpálàpá tí ọ̀pọ̀ wa fi ṣe ọgbà, májèlé ni èso ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èso làárà. Ẹ gé wọn kúrò níbi tí èso wọn lè bọ́ sí. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù àti èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ò dáa fún wọn.

Àbúrò mi tó wà ní London bi mí nípa gbogbo èyí, mo ní kó yí ọ̀rọ̀ oòrùn padà: ibi tí oòrùn ń dé jù ni kó fi wọ́n sí, torí òtútù àti ẹrọ̀fọ̀ ni wàhálà tiwọn, kó fi páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bo gbogbo orí ọgbà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà nígboro níbẹ̀, wáyà tó lágbára tí wọ́n tẹ́ síta yẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù October 2024, òfin England àti Wales sọ pé ẹni tó bá ní adìyẹ kan ṣoṣo péré gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọn ò sì gbà kéèyàn fún wọn ní àjẹkù oúnjẹ láti kíṣìnnì.

Kẹ́ ẹ tó ri òpó mọ́lẹ̀

Ẹ gbé adìyẹ méjì tàbí mẹ́ta sínú àgò tó ṣeé gbé, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan níbi tẹ́ ẹ yàn. Nírọ̀lẹ́ ẹ tú wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n. Tó bá di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, tẹ́ ẹ bá wà nílé, ẹ tú wọn sílẹ̀ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n máa lọ dùbúlẹ̀ sí. Àwọn mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ sáàárín dógóyárò àti ògiri kíṣìnnì, ibi tí mo ń sá aṣọ sí. Mo gbẹ́ ihò síbẹ̀, omi fà tán kí n tó jẹun ọ̀sán tán. Mo tú okùn aṣọ, mo gbé e lọ sí igun ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yẹn, ibẹ̀ ló wà di òní.